Sẹ́mò Inú Báàfù: Ẹ Jẹ́ Kí Á Mọ Ohun Tí À Ń Rà

Sí Olóòtú,

Mo kí yín fún iṣẹ́ ńlá tí ẹ ń ṣe, mo sì kí gbogbo àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí, pàápàá àwọn ènìyàn wa ní ilẹ̀ Òkun, láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ́. Iṣẹ́ fífi ẹ̀rọ lọ èlùbọ́, àgbàdo àti ọkà bàbà ni mo fi ń jẹun, ìdí sì nìyẹn tí àwọn oníbàárà mi fi máa ń kó àríyànjiyàn nípa oúnjẹ wá bá mi. Èyí tí ó ń gbóná jù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ sẹ́mò. Ẹnì kan á ní ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, ẹlòmíràn á ní àgbàdo ni, ẹni kẹta á búra pé rọ́bà ni wọ́n ń lọ̀ mọ́ ọn, pé ohun tí ó fi ń fà nìyẹn nígbà tí a bá rò ó tán. Mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, n kò sì rò pé àìmọ̀wé ni ó fa àríyànjiyàn náà. Ohun tí ó fà á ni pé ní ọ̀pọ̀ ọjà wa ní ìwọ̀-oòrùn Kogí, inú báàfù ni wọ́n ti ń bu sẹ́mò tà. Àpò tí ó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ ti di ohun tí wọ́n fi ń di gààrí, ẹni tí ó sì ń ra sẹ́mò náà kò rí ohun kankan níwájú rẹ̀ tí yóò sọ fún un bóyá àlìkámà ni, bóyá àgbàdo ni, tàbí bóyá wọ́n lú àwọn méjèèjì pọ̀ ni. Ẹ̀bẹ̀ mi nínú lẹ́tà yìí ni pé kí àpò náà, tàbí àkọlé ara rẹ̀ ó kéré tán, máa dúró ti báàfù, kí ẹni tí ń ra mùdù kan (abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ọjà) lè ka ohun tí wọ́n wọ̀n fún un. Kí n tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí sẹ́mò jẹ́ gan-an.

Kò sí irúgbìn kan tí à ń gbìn tí ń so sẹ́mò. Ọkà tí a lọ̀ dé ìwọ̀n kan, tí a yọ èèpo rẹ̀ kúrò, tí a kò sì jẹ́ kí ó kúnná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni wọ́n ń pè ní sẹmolínà, tí àwa gé kúrú sí sẹ́mò. Àlìkámà ni wọ́n ti ń fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀, pàápàá oríṣi kan tí wọ́n ń pè ní dúrúmù, tí ó le ju àwọn àlìkámà yòókù lọ, tí inú rẹ̀ sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àlìkámà tí ó rọ̀ máa ń tú di lẹ́búlẹ́bú ní kété tí ẹ̀rọ bá ti kàn án. Dúrúmù kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó máa ń fọ́ sí wóró wóró tí ó ní igun, bí ẹ bá sì fi ìka méjì ra á wò, yóò máa ta yín lọ́wọ́ bí iyanrìn etí odò.

Bí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣe ń yọ wóró yìí wù mí púpọ̀, ẹ ó sì forí jì mí bí mo bá pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí ohun tí ẹni tí ń lọ nǹkan ń rí nínú lílọ̀ kò hàn sí gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ọkà bá dé, wọn yóò kọ́kọ́ ṣà á mọ́: asẹ́ ni yóò yọ òkúta àti pàǹtí, irin òòfà ni yóò fa ìṣó àti èérún irin jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò wọ́n omi sí i, tí wọn yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, nígbà mìíràn títí di ọjọ́ kejì. Kì í ṣe pé wọ́n ń fọ̀ ọ́. Omi náà ń mú kí èèpo ọkà yi, kí ó má baà fọ́ sí wẹ́wẹ́ mọ́ ohun tí a fẹ́ jẹ, ó sì ń mú kí inú ọkà rọ̀ díẹ̀, kí ó lè bọ́ kúrò lára èèpo ní ìrọ̀rùn.

Ẹ̀rọ tí yóò wá lọ̀ ọ́ kì í ṣe irú tèmi. Òpó irin méjì tí wọ́n gé ìlà sí lára ni. Wọ́n dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọ̀kan ń yára yí ju ìkejì lọ, àárín wọn sì ni ọkà ń gbà kọjá. Nítorí pé eré wọn kò dọ́gba, ńṣe ni wọ́n ń la ọkà, tí wọ́n sì ń ha inú rẹ̀ kúrò lára èèpo, dípò kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fọ́ pátápátá. Ohun tí ó bá jáde yóò lọ sórí oríṣiríṣi asẹ́ tí wọ́n tò léra wọn, tí ń mì láìdúró. Èyí tí ó tóbi yóò padà lọ sáàárín òpó irin mìíràn, wóró yóò sì bọ́ sí ọ̀tọ̀. Síbẹ̀, wóró náà kò tíì mọ́. Wọn yóò tún gbé e gba orí asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀: èèpo fúyẹ́, nítorí náà afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, wóró wúwo, nítorí náà á gba ojú asẹ́ bọ́ sílẹ̀. Atẹ àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ni àwọn ìyá wa fi ń ṣe iṣẹ́ kan náà nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ ọkà bàbà, n kò sì mọ ìdí tí a fi máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn òyìnbó nìkan ni wọ́n ronú kan ọgbọ́n yìí.

Láti ibẹ̀, bí fúláwà bá ni wọ́n fẹ́, wọn yóò da wóró náà sáàárín òpó irin tí ara rẹ̀ ń dán, títí yóò fi kúnná. Bí sẹmolínà bá ni wọ́n fẹ́, wọn yóò dá a dúró. Ẹ̀rọ tèmi àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ilẹ̀ Òkun kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwo irin méjì ni tiwa ní, ọ̀kan dúró, ìkejì ń yí, ìdè kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ń yí bí a bá fẹ́ kí ó kúnná tàbí kí ó hán. Gbogbo ohun tí a bá dà sí i lókè, àti èèpo, àti ibi tí ọkà ti ń hù, ni yóò jáde pọ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tí ó ni ín ni yóò fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ kù ú nílé.

Ní òkè òkun, òkèlè kọ́ ni wọ́n ń fi sẹmolínà ṣe. Mákàróònì àti sùpàgẹ́tì ni iṣẹ́ rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ jù. Wọn yóò fi omi pò ó, wọn yóò tì í gba ojú ihò irin jáde, wọn yóò sì sá a gbẹ. Ìdí tí wọ́n fi yan dúrúmù fún iṣẹ́ yìí ni pé èròjà amáradàgbà inú rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń so mọ́ra gírígírí, tí mákàróònì fi lè hó nínú omi láìtú. Ní Ítálì, òfin ọdún 1967 sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé-iṣẹ́ wọn pé dúrúmù ni kí wọ́n máa fi ṣe mákàróònì gbígbẹ. Ní Mòrókò, Àlùjíríà àti Tùnísíà, wọ́n máa ń wọ́n omi sí sẹmolínà, wọn á fi àtẹ́lẹwọ́ yí i títí yóò fi di hóró kéékèèké, wọn á sì fi ooru omi sè é. Kúsìkúsì nìyẹn, tí àjọ UNESCO kọ mọ́ ogún àṣà aráyé ní ọdún 2020 fún àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta wọ̀nyí pẹ̀lú Mọriténíà. Àwọn ará Íńdíà ń pè é ní suji tàbí rava. Wọ́n á kọ́kọ́ yan án nínú òróró kí omi tó kàn án, wọ́n á wá fi àlùbọ́sà àti ata sè é fún oúnjẹ àárọ̀, tàbí kí wọ́n fi ṣúgà sí i kí ó di ìpápánu. Mo gbìyànjú yíyan yẹn wò nílé, ó sì dùn ju bí mo ṣe rò lọ.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń lọ àlìkámà ti wà ní Àpápá ní Èkó láti ọdún 1962, àwọn mìíràn sì tẹ̀lé e, ẹ̀bá èbúté ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nítorí pé ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ọkà náà wá. Ìjọba ológun fi òfin dè é kí ẹnikẹ́ni má kó àlìkámà wọlé mọ́ ní ọdún 1987. Ní ọdún 1992, wọ́n tú òfin náà ká. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin àlìkámà ní Kánò, Jígáwá, Kébbí, Sókótó àti Bọ̀nó, omi odò ni wọ́n fi ń bomi rin ín ní àkókò ọyẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń kó jáde kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí orílẹ̀-èdè wa ń jẹ. Ilẹ̀ Òkun kò sí nínú ìròyìn yìí rárá, nítorí òjò wa pọ̀, òtútù wa kò sì tó èyí tí àlìkámà ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Rọ́ṣíà àti Yukréènì ní ọdún 2022, tí náírà sì já wálẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2023, ẹni tí ń ra sẹ́mò ní Ìsánlú àti ní Mọ̀pà jẹ nínú ìyà náà.

Ohun tí púpọ̀ wa kò mọ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo sẹ́mò tí ó wà lórí àtẹ ni wọ́n fi dúrúmù ṣe. Àlìkámà líle tí wọ́n fi ń ṣe fúláwà búrẹ́dì ni wọ́n fi ń ṣe àwọn kan, wọ́n sì ń fi àgbàdo lú àwọn mìíràn, pàápàá nígbà tí àlìkámà bá wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe èrú, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sára àpò, àwọn ilé-iṣẹ́ tí mo ti ka àpò wọn sì ń kọ ọ́. Ọjà wa ni àkọlé náà ti ń sọnù.

Àwọn àgbà tí wọ́n ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún sẹ́mò nínú ètò wọn. Síbẹ̀, ẹ lọ síbi ìnáwó òkú àgbà ní ìlú yòówù ní ilẹ̀ wa lónìí, sẹ́mò ni ẹ ó bá nínú kúlà ńlá, tí wọ́n fi ọ̀rá dì ní ẹyọ ẹyọ. (Ti ọ̀rá tí a ń fi di oúnjẹ gbígbóná, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.) Èmi kì í bá wọn jà. Ẹni tí ó pe èrò rẹpẹtẹ kò lè rí ọmọ tí yóò gún iyán fún gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ni iṣu kì í sí lọ́jà bí ó ti yẹ nígbà tí ti èṣí bá ti ń tán lọ, tí tuntun kò sì tíì jáde. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ro sẹ́mò kì í ní sùúrù fún un. Wóró ni, omi gbọ́dọ̀ wọ àárín wóró kọ̀ọ̀kan kí ó tó jinná. Kí a kọ́kọ́ fi omi tútù po díẹ̀ nínú rẹ̀, kí a dà á sínú omi tí ń hó, kí a máa fi omorogùn rò ó títí yóò fi ki, kí a tó máa bu gbígbẹ lé e díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a wọ́n omi gbígbóná sí i, kí a dín iná kù, kí a sì dé e fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí a tó tún rò ó. Ẹni tí ó bá fo dídé yẹn, wóró tútù ni ó gbé fún àlejò, ikùn yóò sì máa kùn títí di òru. Wọ́n á wá ní wọ́n fi nǹkan sínú sẹ́mò.

Èyí mú mi dé orí ọ̀rọ̀ rọ́bà. Ohun tí ń jẹ́ kí sẹ́mò máa fà kì í ṣe rọ́bà, ẹnikẹ́ni sì lè fi ojú ara rẹ̀ rí i nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ sẹ́mò kan sínú abọ́, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò ó títí yóò fi di ìṣù, ẹ bò ó fún ìdajì wákàtí kí omi lè wọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rọra nínú omi mìíràn, ẹ da omi funfun tí ó bá jáde nù, ẹ tún bu òmíràn, títí omi náà yóò fi mọ́ gaara. Bí àlìkámà bá ni, ohun kan tí ó ní àwọ̀ eérú yóò kù sí yín lọ́wọ́: bí ẹ bá fà á, á nà, bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á súnkì. Èròjà amáradàgbà inú àlìkámà, tí wọ́n ń pè ní gluten, ni. Òun ni ó ń jẹ́ kí búrẹ́dì wú, òun ni kì í jẹ́ kí mákàróònì tú, òun náà ni ó ń jẹ́ kí sẹ́mò máa fà. Àgbàdo kò ní irú rẹ̀, ọkà bàbà kò ní, ẹ̀gẹ́ kò ní. Ẹ̀gẹ́ tí ó jinná máa ń fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n sítáàṣì ni ìyẹn, kì í kù síni lọ́wọ́ nínú omi tútù. Nítorí náà, bí gbogbo ìṣù náà bá bá omi lọ, àlìkámà kọ́ ni ẹ rà.

Mo ṣe ìdánwò yìí pẹ̀lú sẹ́mò tí oníbàárà mi kan rà láti inú báàfù ní ọjọ́ ọjà, ohun tí ó kù sí mi lọ́wọ́ kò tó èékánná. Nígbà tí oníbàárà náà padà lọ bá ẹni tí ó tà á fún un, obìnrin náà kò jiyàn: ó ní àpò méjì ni òun dà pọ̀, pé àkọ́kọ́ ti ń tán, pé ìkejì jẹ́ èyí tí kò wọ́n, pé òun kò sì ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Mo gbà á gbọ́. Kò ní ète búburú kankan, ṣùgbọ́n owó àlìkámà ni ó fi ta àgbàdo.

Ẹnì kan lè ní kí ni ó burú níbẹ̀, ṣé àgbàdo kì í ṣe oúnjẹ ni? Oúnjẹ ni, mo sì ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn wà tí gluten máa ń ba ìfun wọn jẹ́, tí àwọn dókítà ti ní kí wọ́n má fi àlìkámà kan ẹnu mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè fi ojú wo báàfù kí ó mọ ohun tí yóò ṣe é ní jàǹbá. Àwọn tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà náà ń ṣì í mú. Wọ́n á ní wọ́n sọ fún àwọn ní ilé ìwòsàn pé kí àwọn máa jẹ òkèlè àlìkámà, wọ́n á wá lọ ra sẹ́mò, wọn kò sì mọ̀ pé àlìkámà tí a lọ̀ teèpoteèpo ni wọ́n ń sọ fún wọn, àti pé sẹ́mò ni èyí tí a ti yọ èèpo rẹ̀ kúrò. Àkọlé ara àpò ni ó ń ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti fítámìn A. Láti ọdún 2002 ni ìjọba ti sọ ọ́ di dandan ní orílẹ̀-èdè yìí pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ máa fi fítámìn A sínú fúláwà, ṣúgà àti òróró ìsebẹ̀, sẹ́mò sì wà lára àwọn oúnjẹ tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwòrán ojú tí ẹ ń rí lára àpò ni àmì rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ojú náà ṣe: ọmọdé tí fítámìn yìí kò bá tó lára rẹ̀ kì í ríran dáadáa nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bí àìtó náà bá sì pọ̀ jù, ojú rẹ̀ lè fọ́ pátápátá, ara rẹ̀ kò sì ní lè bá àrùn bí i ìgbẹ́ gbuuru jà bí ó ti yẹ. Ilé-iṣẹ́ san owó kí fítámìn náà tó wọ inú sẹ́mò, àwa tí a ń rà á ni a sì san án padà fún wọn. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ àti ooru ni ó ń pa fítámìn A, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí gan-an ni ó sì ń bá sẹ́mò tí wọ́n tú sínú báàfù ṣíṣí, tí oòrùn ń pa láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ọjà bá tú, lẹ́bàá títì tí eruku tírélà kò jẹ́ kí ó sinmi. Ìyá tí ó rà á fún ọmọ rẹ̀ ti san owó ohun tí oòrùn ti gbà lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn tí ń tà á yóò sọ, ẹjọ́ wọn kì í sì í ṣe ẹjọ́ àìdára. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó lè ra àpò oníkílò mẹ́wàá, tàbí ti márùn-ún pàápàá. Bí wọn kò bá bu ú tà, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní jẹ ẹ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe ọ̀rá kékeré lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣírò iye tí wọ́n ń ta gíráàmù rẹ̀, ẹ ó rí i pé tálákà ni ó ń san owó tí ó pọ̀ jù. Nítorí náà, n kò ní kí ẹnikẹ́ni dá mùdù dúró, ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi lẹ́tà mi yìí lé àwọn obìnrin kúrò lójú ọjà, kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Ohun tí mo ń béèrè kò ju pé kí wọ́n gé iwájú àpò náà, níbi tí orúkọ oúnjẹ, àkójọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá wà, kí wọ́n sì tì í bọ inú sẹ́mò ní ẹ̀gbẹ́ báàfù níbi tí ojú ti lè kà á. Kí wọ́n wá ìdérí fún báàfù náà, tàbí kí wọ́n máa tà á láti inú ike onídèérí tí ìmọ́lẹ̀ kì í wọ̀. Kí àpò kan tán kí wọ́n tó tú òmíràn. Ọ̀bẹ àti ìṣẹ́jú kan ni yóò ná wọn.

Ẹni tí ó lè mú kí èyí ṣeé ṣe kíákíá ni àwọn ìyálọ́jà wa, nítorí ọ̀rọ̀ wọn a máa múlẹ̀ lọ́jà ju ìwé ìjọba lọ. Lẹ́yìn wọn ni àwọn wọlé-wọlé ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbbà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Múrò àti Yàgbà méjèèjì. Wọ́n ń wọ ọjà láti wo ẹran àti láti wo ibi tí a ń da omi ìdọ̀tí sí, iṣẹ́ rere sì ni. Kí wọ́n fi àkọlé báàfù kún un, kí ó sì jẹ́ pé ìkìlọ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ fi ṣe é, kí ó má di ọ̀nà tí wọn yóò fi máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń tà.

Mo ṣèlérí pé n ó padà sórí àgbàdo. Èyí tí ń bẹ nínú ọ̀pọ̀ báàfù wa nísinsìnyí ń fara pamọ́ sábẹ́ orúkọ àlìkámà, àwa tí a ń gbìn ín ni a sì ń pàdánù. Àgbàdo tí a lọ̀ wóró wóró, tí a yọ èèpo àti ibi tí ó ti ń hù kúrò lára rẹ̀, oúnjẹ àyè ara rẹ̀ ni. Òkèlè rẹ̀ kì í fà bí ti àlìkámà, ṣùgbọ́n ó ń yó ni, ẹni tí ara rẹ̀ kò gba gluten sì lè jẹ ẹ́ láìbẹ̀rù. Àwọn obìnrin kan ti ń ṣe é nílé ẹ̀rọ mi: wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí àgbàdo gbígbẹ, wọ́n á jẹ́ kí ó sinmi, mo á dẹ àwo irin kí ó kàn là á, wọ́n á fi atẹ fẹ́ èèpo àti ojú rẹ̀ nù, wọ́n á tún dà á padà fún mi kí n fún àwo náà díẹ̀, wọ́n á sì fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kù ú, kí èyí tí ó kúnná jù lọ di ti ògì, kí wóró àárín jẹ́ ti òkèlè. Ojú àgbàdo yẹn ni òróró rẹ̀ wà. Bí a kò bá yọ ọ́, kì í pẹ́ kí ó tó máa rùn. Àwọn tí ń sin adìyẹ a máa ra ohun tí a fẹ́ jáde náà, kò sí èyí tí ó ṣòfò.

Ìṣòro wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí èmi tí mo wà nídìí ẹ̀rọ sọ ọ́. Àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa máa ń bu, èbu rẹ̀ sì ní májèlé tí sísè kì í pa. Àwo irin wa náà máa ń jẹ ara wọn, pàápàá bí ó bá jẹ́ tuntun tàbí bí wọ́n bá fún un jù, èérún irin á sì máa bá oúnjẹ jáde. Ó yẹ kí olúkúlùkù wa tí ń lọ nǹkan kọ́kọ́ lọ èèpo ọkà nínú àwo tuntun kí oúnjẹ ènìyàn tó kàn án, kí a sì so irin òòfà mọ́ ẹnu ibi tí ìyẹ̀fun ń gbà jáde. Kò wọ́n, ohun tí ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó láti ba ọkàn ènìyàn jẹ́. Ní ti ẹ̀rọ tí yóò máa yọ ojú àgbàdo láìfi ọwọ́ fẹ́ ẹ, a ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kàbbà níbí. Inú wa yóò dùn bí àwọn olùkọ́ ibẹ̀ bá lè jókòó pẹ̀lú àwa àti àwọn alágbẹ̀dẹ wa, kí a wo irú èyí tí agbára wa lè ká.

Títí ìyẹn yóò fi ṣeé ṣe, mo ti bá àwọn obìnrin tí mo ń bá lọ̀ ọ́ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má ṣe pè é ní sẹ́mò lásán mọ́. Kálàmù wà lórí tábìlì ní ilé ẹ̀rọ mi báyìí, a sì ń kọ ọ́ sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan kí ó tó jáde: "Àgbàdo nìkan," pẹ̀lú ọjọ́ tí a lọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ẹlẹ́rọ kan láti Kàbbà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.